Lẹ́ńsì Olóògùn: Ta Gan-an Ni A Ń Ṣe É Fún?

Ẹ wo ẹni tó fẹ́ kán oògùn sójú. Á gbé orí sẹ́yìn, á fi ìka kan fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, á na ìgò kékeré náà sókè, á tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kán kan á já bọ́, ojú á sì pa dé fúnra rẹ̀. Apá kan oògùn náà á ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Kò ní pẹ́ tí ohun kíkorò kan á fi yọ lọ́nà ọ̀fun. Oògùn ojú ni, ọ̀fun ló sì ti ń tọ́ ọ wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Omi tó máa ń wà lójú ẹni kò ju nǹkan bíi máíkrólítà 7 lọ, ìyẹn ni pé kí a pín mìlílítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, kí a mú méje níbẹ̀. Ẹ̀kán kan láti inú ìgò sì sábà máa ń tó 30 sí 50. Ojú kò láyè tó lè gbà á. Èyí tí kò bá ṣàn sílẹ̀, omijé á fọ̀ ọ́ lọ sínú àwọn ihò tín-ín-rín tó wà ní igun ojú lápá imú, á gba inú imú dé ọ̀fun, á sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ. Èyí tó ń wọ inú ẹyinjú gan-an kì í sábà tó ìdá 5 nínú 100. Èyí tó wọnú ẹ̀jẹ̀ náà kì í dákẹ́ síbẹ̀: timolol, oògùn tí wọ́n fi ń dín ìfúnpá inú ẹyinjú kù, lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra, ó sì lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ fún ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀.

Ọ̀fò yìí ló mú àwọn onímọ̀ ronú kan lẹ́ńsì, ike rírọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn kan ń fi lé orí ẹyinjú dípò kí wọ́n wọ awò. Bí lẹ́ńsì bá wà lórí ẹyinjú, omi tín-ín-rín kan máa ń há sáàárín òun àti ojú, omi yẹn kì í sì í tètè ṣàn lọ. Oògùn tó bá jáde láti ara lẹ́ńsì sínú omi yìí á pẹ́ níbi tó ti wúlò. Ìṣirò tí Anuj Chauhan àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Florida fi hàn pé ìdá tó lè wọ inú ojú lọ́nà yìí lè tó ìdajì oògùn timolol tó bá jáde. Láti ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdajì kì í ṣe èrè kékeré. Mo gbà pé èrò náà dára, mo sì gbà pé ó yẹ kí iṣẹ́ máa lọ lórí rẹ̀. Ohun tí mo ń jà fún ni pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ìbéèrè tó gba iwájú nínú iṣẹ́ yìí ti jẹ́ “ọjọ́ mélòó ni oògùn lè pẹ́ nínú lẹ́ńsì?”, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni “ta ni yóò fi í sójú, ọwọ́ wo ni yóò fi fi í, àìsàn wo ló sì fẹ́ wò?” Bí a bá fi ìbéèrè kejì yìí wọn gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe, a óò rí i pé ibi tí wọ́n ti ń wá èrè tó tóbi jù kọ́ ni lẹ́ńsì olóògùn ti lè ṣiṣẹ́ tó dára jù.

Èrò náà ti pẹ́ bí lẹ́ńsì rírọ̀ fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Otto Wichterle, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Czechoslovakia, àti Drahoslav Lím ló ṣàlàyé fún ayé ní ọdún 1960 bí wọ́n ṣe ṣe irú rọ́bà kan tó máa ń mu omi, tó sì máa ń rọ̀. Nígbà Kérésìmesì ọdún 1961, Wichterle to ohun ìṣeré ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní Merkur pọ̀ nínú ilé rẹ̀ di ẹ̀rọ tó ń yí, ó sì fi dá lẹ́ńsì rírọ̀. Nínú ìwé ẹ̀tọ́ tó gbà lórí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965, ó ti mẹ́nu kàn án pé a lè fi oògùn sínú rọ́bà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà rẹ lẹ́ńsì sínú pilocarpine, oògùn ìgbà náà fún glaucoma, àìsàn ojú tí ìfúnpá inú ẹyinjú ń mú burú, wọ́n fi í sójú àwọn aláìsàn, ìfúnpá inú ẹyinjú wọn sì wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kànrìnkàn ṣe ń tètè tu omi tó mu sílẹ̀ ni lẹ́ńsì tí a rẹ ṣe ń tu oògùn sílẹ̀: ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ń jáde láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tó kù kò sì tó nǹkan. Àpọ̀jù lówùúrọ̀, àìtó nírọ̀lẹ́.

Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti dá lé láti mú kí oògùn máa jáde bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni ti Chauhan: wọ́n á fi fítámì E sínú rọ́bà lẹ́ńsì. Òróró ni fítámì yìí, oògùn tó jẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ omi kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, ó ní láti máa yà fún un bí ẹni tó ń rìn láàárín àpáta. Ọ̀nà náà á gùn, ìrìn á sì falẹ̀. Wọ́n ti dán èyí wò lára ajá tó ní glaucoma, ìfúnpá ojú wọn sì wálẹ̀ bó ṣe ń wálẹ̀ fún ìkánsójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn tí wọ́n lò kò pọ̀ tó ti inú ìgò. Ọ̀nà kejì ni ti Carmen Alvarez-Lorenzo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Santiago de Compostela ní Sípéènì. Wọ́n á fi oògùn sínú àdàlù rọ́bà kí rọ́bà náà tó le, kí ó le yí oògùn náà ká. Bí wọ́n bá wá fọ oògùn kúrò, àyè tó bá a mu gẹ́lẹ́ á ṣẹ́ kù, bí ojú ẹsẹ̀ ṣe ń kù sínú ẹrẹ̀ tó ti gbẹ. Oògùn tí wọ́n bá tún fi sí i á jókòó sáyè rẹ̀, kò sì ní tètè dìde. Ọ̀nà kẹta ni ti Joseph Ciolino àti Daniel Kohane ní Boston. Wọ́n ṣe awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n gé e bí òrùka, wọ́n sì fi rọ́bà lẹ́ńsì bò ó. Àárín òrùka náà ṣófo, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè máa ríran gba ibẹ̀. Ní ọdún 2014, wọ́n fi hàn lára ehoro pé latanoprost, oògùn glaucoma kan, lè máa jáde láti ara irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan. Ní ọdún 2016, wọ́n fi hàn lára àwọn ọ̀bọ tó ní glaucoma pé ó dín ìfúnpá kù tó ti ìkánsójú, ó kéré tán. Nítorí náà, ìbéèrè iye ọjọ́ ti rí ìdáhùn tó pọ̀ nínú ilé ìwádìí. Ìdáhùn yìí ló yẹ kó mú wa béèrè ìdí tí oògùn glaucoma kò fi jẹ́ àkọ́kọ́ tó gba inú lẹ́ńsì dé ọjà.

Èyí tó kọ́kọ́ dé ọjà kì í ṣe ti oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti glaucoma. Ti ojú yíyún ni. Ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson fi ketotifen, oògùn tó ń dẹ́kun kí ojú máa yún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba eruku tàbí ìyẹ̀fun òdòdó, sínú lẹ́ńsì tí wọ́n ń wọ̀ fún ọjọ́ kan péré, tí wọ́n sì ń sọ nù nírọ̀lẹ́. Japan gbà á wọlé ní ọdún 2021, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2022. Oògùn tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 0.019 mìlígíráàmù lọ. Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó ń mú ojú yún sójú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n wọ lẹ́ńsì, lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn wákàtí 12. Ojú àwọn tó wọ lẹ́ńsì olóògùn kò yún wọn tó ojú àwọn tó wọ lẹ́ńsì lásán. Àwọn kan lè wo èyí kí wọ́n ní ohun kékeré ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe bá ara mu: ẹni tó fẹ́ lò ó ti ń wọ lẹ́ńsì tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n fi sójú, ojú tó ń yún ún ni kì í jẹ́ kó gbádùn lẹ́ńsì náà, kò sì yẹ kó máa kán oògùn inú ìgò lé lẹ́ńsì lórí, torí pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa oògùn náà mọ́ lè wọnú rọ́bà. Pé oògùn ń tètè jáde kò sì pa á lára, ọjọ́ kan ṣáà ni. Lẹ́ńsì yìí yege nítorí pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún kí wọ́n tó ṣe é.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi ojú yìí kan náà wo glaucoma, àìsàn tí wọ́n ti ń fi lẹ́ńsì olóògùn lé bọ̀ láti ìgbà tí èrò náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú glaucoma, iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, ìfúnpá inú ẹyinjú sì ni ohun tó ń bà á jẹ́ tí a lè fi oògùn dín kù. Kì í dunni. Etí ìríran ló kọ́kọ́ ń jẹ, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà. Ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ lẹ́ńsì fún un ni pé àwọn aláìsàn kì í kán oògùn wọn déédéé. Òótọ́ ni. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2009, Constance Okeke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn aláìsàn ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n kán an sí i, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣọ́ wọn. Síbẹ̀, nǹkan bí 45 nínú 100 wọn ni kò kán tó mẹ́ta nínú mẹ́rin iye tó yẹ. Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé, ẹnì kan sì lè fi òwe yìí dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́ nìkan ló fà á. Àìsàn tí kì í dunni, tí oògùn rẹ̀ kì í sì í mú kí ojú ríran ju ti àná lọ, kò ní ohun tí yóò máa rán ènìyàn létí.

Àmọ́ ṣé lẹ́ńsì ló máa wo ìgbàgbé yẹn sàn? Lẹ́ńsì kò gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ aláìsàn, iṣẹ́ mìíràn ló gbé lé e lọ́wọ́. Dípò ẹ̀kán kan lálẹ́, á ní láti fọ ọwọ́, kó gbé rọ́bà tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà sórí ìka, kó la ojú sílẹ̀, kó sì fọwọ́ kan ẹyinjú ara rẹ̀. Àwọn tí glaucoma ń bá jà jù ni àwọn tó ti lé ní ogójì, àádọ́ta, ọgọ́ta ọdún, tí ọ̀pọ̀ wọn kò fi lẹ́ńsì sójú rí, tí ọwọ́ àwọn kan nínú wọn ń gbọ̀n, tí ìríran wọn sì ti dín kù. A ti rí irú èyí rí. Ní ọdún 1974, wọ́n gbé Ocusert jáde ní Amẹ́ríkà, pilocarpine tí wọ́n fi há inú awẹ́ kékeré kan tí aláìsàn ń fi sábẹ́ ìpéǹpéjú, tó sì ń tú oògùn sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Iṣẹ́ ọ̀hún péye. Àmọ́ ó máa ń ta àwọn kan lójú, ó máa ń já bọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, kò sì rọrùn fún àwọn àgbàlagbà láti fi sójú. Nígbà tó yá, ó kúrò lọ́jà. Kì í ṣe kẹ́mísìrì ló já a kulẹ̀, ọwọ́ àti ojú tó ń lò ó ni wọn kò fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ewu tún wà níbẹ̀. Awọ gaara tó bo iwájú ẹyinjú, tí a ń pè ní kọ́níà, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Láti inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gba ọ̀pọ̀ ọ́síjìn rẹ̀. Lẹ́ńsì tí ó bá máa tú oògùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kan gbọ́dọ̀ wà lójú tọ̀sán-tòru, àfi kí oògùn máa ṣòfò nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 1989, fi hàn pé nínú ẹgbàárùn-ún ènìyàn tó ń wọ lẹ́ńsì rírọ̀ lọ́sàn-án nìkan, bíi mẹ́rin ni egbò ojú láti ọwọ́ kòkòrò ń mú lọ́dún. Nínú iye kan náà tó ń wọ̀ ọ́ sùn, ó tó ogún. Ìṣirò yẹn wá láti ibi tí omi ẹ̀rọ tó mọ́ ti ń yọ nínú ilé. Ní ibi tó jẹ́ inú kànga tàbí dúrọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ti ń bu omi fọwọ́, a kò lè retí pé ewu náà á kéré sí i. Ẹni tó ń sá fún àìsàn tó ń jẹ ojú lọ́dún mẹ́wàá lè bọ́ sọ́wọ́ èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ kan.

Àwọn tó ń gbèjà lẹ́ńsì glaucoma lè dá mi lóhùn pé ṣé kí a wá fi àwọn aláìsàn sílẹ̀ sọ́wọ́ ìgò tí wọn kì í kán ni? Rárá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bimatoprost, oògùn glaucoma kan tí dókítà ń fi abẹ́rẹ́ gbé sínú ẹyinjú, ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020. Èyí tó tún bá ipò wa mu jù ni ìtànṣán lésà tí wọ́n ń tàn sí ibi tí omi inú ẹyinjú ń gbà jáde. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Ìlú Ọba ní ọdún 2019, nǹkan bí 74 nínú 100 àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi lésà tọ́jú ni kò nílò ìkánsójú kankan lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Kí a má baà sọ pé ti àwọn òyìnbó nìyẹn, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Moshi ní orílẹ̀-èdè Tanzania, tó jáde ní ọdún 2021, fi lésà wé timolol: lẹ́yìn ọdún kan, 61 nínú 100 ni ti lésà yege, ti timolol kò ju 31 lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ni lésà, kò sí ohun tí aláìsàn máa gbé sójú lálẹ́. Ní Nàìjíríà pàápàá, ibòmíràn ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè náà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nǹkan bíi márùn-ún nínú 100 àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè ló ní glaucoma, ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ti fọ́jú, àwọn tó sì mọ̀ pé àwọn ní in kò tó mẹ́fà nínú 100. Lẹ́ńsì tó dára jù láyé kò lè wo ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Owó tó bá wà, àyẹ̀wò ojú ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà á.

Ibo wá ni lẹ́ńsì olóògùn ti lè ṣe ohun tí nǹkan mìíràn kò lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí a wo àgbẹ̀ tí ewé àgbàdo gé lójú nígbà ìkórè. Ọgbẹ́ náà kéré, ó sì lè padà sóko lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n fọ́ńgáì, ẹbí ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, ti bá ewé wọlé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ojú á pọ́n, á máa ta á bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, egbò funfun á sì yọ lórí kọ́níà. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ṣe ní ọdún 2021 ni pé irú egbò yìí ń mú ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún, Éṣíà àti Áfíríkà ló sì pọ̀ sí jù. Natamycin, tó wà nínú àkójọ oògùn kò-ṣeé-máà-ní ti àjọ ìlera àgbáyé WHO láti ọdún 2017, ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Kì í tètè wọnú kọ́níà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kán an ní wákàtí wákàtí níbẹ̀rẹ̀, tọ̀sán-tòru. Ẹ fi ọkàn yàwòrán òru yẹn: ojú tó ń dunni, mọ̀lẹ́bí tó gbọ́dọ̀ máa jí ní aago kan, aago méjì, aago mẹ́ta, ìpéǹpéjú tó wú tí wọ́n ń là sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbí, gbogbo ohun tó tako lẹ́ńsì nínú glaucoma ló yí padà. Dókítà ni yóò fi í sójú, dókítà ni yóò yọ ọ́. Ọjọ́ díẹ̀ ló nílò, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ayé. Aláìsàn mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn, ìrora kì í jẹ́ kó gbàgbé. Oògùn tó ń jáde lemọ́lemọ́ sì ni ohun tí egbò náà ń fẹ́ gan-an.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà sì ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 2011, Ciolino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi econazole, oògùn tó ń pa fọ́ńgáì, sínú lẹ́ńsì olórùka wọn, lẹ́ńsì náà sì ń pa Candida nínú abọ́ ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A kò gbọ́dọ̀ sọ èyí di ohun tí kì í ṣe. Inú abọ́ kì í ṣe ojú ènìyàn, Candida sì kọ́ ni fọ́ńgáì tó sábà máa ń gba ara ewé oko wọlé. Fusarium àti Aspergillus ni. Àtakò tó tún lágbára jù wà: lẹ́ńsì tó ń dá egbò sílẹ̀ lójú àwọn kan ni a wá fẹ́ fi lé orí egbò? Ó lè há kòkòrò mọ́lẹ̀, ó sì lè dín ọ́síjìn kù fún ojú tó ti ń jìyà. Mi ò fọwọ́ rọ́ àtakò yìí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ojú ti ń fi lẹ́ńsì lásán bo kọ́níà tó gbọgbẹ́ bí ẹní fi báńdéèjì bo ẹsẹ̀, wọ́n ń kán oògùn apakòkòrò sí i, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Apá kan nínú ewu tí a sọ ṣáájú wá láti ọwọ́ tí kò mọ́ àti lẹ́ńsì tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí dókítà ń tan iná sójú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò sí nínú ipò kan náà. Níwọ̀n bí oògùn sì ti wà ní etí lẹ́ńsì, tí àárín rẹ̀ ṣófo, dókítà lè máa rí egbò tó bá wà láàárín kọ́níà láìyọ lẹ́ńsì. Ohun tó kù ni ìdánwò gidi lára àwọn tó ní egbò yìí, pẹ̀lú natamycin fúnra rẹ̀, ní àwọn ọsibítù tí irú wọn pọ̀ sí, kí a mọ̀ bóyá lẹ́ńsì náà sàn ju ìkánsójú tàbí ó burú jù ú lọ.

Ìdí kan tí ọ̀nà yìí kò fi kún fún èrò ni pé glaucoma jẹ́ àìsàn àtọdúnmọ́dún, ẹni tó bá ra lẹ́ńsì lónìí á tún rà á lóṣù tó ń bọ̀. Egbò ojú àgbẹ̀ kì í mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá. Mi ò bínú sí oníṣòwò tó ń wá èrè. Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì àti àwọn àjọ tó ń fi owó ìlú ṣe ìwádìí kò ní ìdí láti máa lépa kìkì ibi tí ọjà wà. Wọ́n ti yanjú ìbéèrè bí oògùn ṣe lè pẹ́ nínú lẹ́ńsì dé ibi tó wúlò. Kí wọ́n gbé ìmọ̀ náà lọ bá àìsàn tó bá a mu. Ẹni tí wọ́n ń jí ní wákàtí wákàtí láti kán oògùn sí ojú tó ti di egbò kò béèrè lẹ́ńsì oṣù kan. Òru méjì, mẹ́ta péré ló fẹ́ kí lẹ́ńsì náà bá òun ṣọ́.